Kànga Baba, Ihò Ọmọ

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti ilé, mo kí ọ láti ẹnu ọ̀nà, mo tún kí ọ láti orí àga tí mo jókòó sí. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gé ọ níka? Èmi wà dáadáa, àfi orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, àti etí yìí tí òòlù ogójì ọdún ti bà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ṣiṣẹ́ iná tún gbé fóònù sí mi létí lánàá, ó ní kí n gbọ́ ohùn rẹ. "Huu" ni mo gbọ́. Mo ní kó gbé e kúrò, pé afẹ́fẹ́ kọ́ ni mo bí. Lẹ́tà ni kó o máa kọ sí mi. Lẹ́tà ò mọ̀ bóyá etí èèyàn di.

Èyí tó o kọ gbẹ̀yìn dé. Mo kà á fún Ìyá Alágbàfọ̀ níwájú ilé rẹ̀, bó ṣe ń sá aṣọ òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibi tó o ti sọ pé ẹ ti gbẹ́ ihò tó jìn tó ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà sínú yìnyín, ó ní kí n tún un kà. Ó ní, "Baba, àárín omi lọmọ yín ti ń gbẹ́ kànga, kò wá rí omi?" Mo ní ìwé ló kà jù. Ó rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní orúkọ tí àdúgbò sọ mí ti bá ọ dé ọ̀hún, Kò-Jìn-Jù. Ẹ̀bi mi kọ́. Gbogbo oníbàárà tó bá ti bojú wo ìsàlẹ̀ kànga, àyà rẹ̀ á já, á ní "Baba, ṣé kò jìn jù?" Èmi á ní kò jìn jù. Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ mi nìyẹn.

Ìwọ tí mo máa ń fi pàṣán lé kúrò lẹ́nu kànga nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún méje. Bí mo ṣe lé ọ tó, o tún lọ gbẹ́ ihò tó fi ìlọ́po mẹ́wàá ju tèmi lọ. Ó dáa. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: tẹ́ ẹ bá parí, ẹ dé e. Agbẹ́kànga tó bá fi ihò sílẹ̀ láìdé, ọ̀tá ọmọ aráyé ni.

Ìyá Alágbàfọ̀ ń ráhùn pé ọṣẹ òun ò hó mọ́. Ó máa pa á mọ́ aṣọ títí apá á fi ro ó, kò ní hó. Ó ní omi kànga tí mo gbẹ́ fún un ni. Mo ní kó wá oníṣọ́ọ̀bù mìíràn tí á máa ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń wá ẹni tó máa bá jà ni, torí ara ti tù ú jù: ẹ̀gbọ́n rẹ so ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ kànga náà lọ́dún tó kọjá, kò fi garawa fà á mọ́.

Fi àwòrán ránṣẹ́, kó o sì ṣí fìlà. Imú nìkan ni mo rí nínú èyí tó kọjá, mi ò sì lè fi imú mọ̀ bóyá o jẹun.

Èmi ni baba rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Baba mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrora orúnkún, ẹ kú àmúmọ́ra etí. Mo kúnlẹ̀ kí yín nínú àgọ́. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀ léra, nítorí náà ìkúnlẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ìka mi ṣì pé mẹ́wàá. Àwòrán wà nínú àpò lẹ́tà. Mo ṣí fìlà, ẹni tó yà á sì ní kí n ṣe kíá kí etí mi tó dì.

Ẹ sọ fún Ìyá Alágbàfọ̀ pé kì í ṣe omi la wá wá. Òjò dídì ló ń bọ́ síbí lọ́dọọdún, ní ìkángun àríwá ayé. Kì í yọ́. Tọdún yìí á jókòó lé tèṣí lórí, tèṣí á jókòó lé ti ọdún tó ṣáájú ẹ̀, bí aṣọ tó ká jọ sórí tábìlì rẹ̀, wọ́n á tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ á fi di yìnyín. A máa ń fa ọ̀pá yìnyín jáde látinú ihò, ó gùn tó apá yín méjèèjì tẹ́ ẹ bá nà án. A ó gbé e sórí tábìlì gígùn kan nínú yàrá tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀, a ó fi ayùn là á, a ó máa ka ìlà ara rẹ̀. Ìlà kan, ọdún kan. Afẹ́fẹ́ ọdún náà ṣì há sínú rẹ̀, nínú ihò wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́, ó sì ń sọ bí èéfín ayé ṣe pọ̀ tó nígbà yẹn. Ọjọ́ àtijọ́ la wá wá, Baba.

Ọ̀gá wa, obìnrin arúgbó kan tó ti ń wá síbí láti ọgbọ̀n ọdún (Ìyá Yìnyín là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rò pé ó mọ̀), mú èérún kan sọ sínú ife omi mi, ó ní kí n gbé etí sí i. Ó ń ta pàrà-pàrà. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá yín ló ń jáde. Ó dá mi lójú pé etí yín ìbá gbọ́ ọ.

Ojú ọjọ́ ibí ò ṣe dédé. Ìyá Yìnyín ní tẹ́lẹ̀, lásìkò yìí, tí èèyàn bá tutọ́, itọ́ á ti dì kó tó balẹ̀. Lánàá mo bọ́ ìbọ̀wọ́, ọwọ́ lásán ni mo fi di ayùn mú. Inú àwa tá a kéré ń dùn pé ọjọ́ dára. Inú tiẹ̀ ò dùn. Ó lọ dúró síbi tí bàálù máa ń bà sí, orí yìnyín náà ni, ó ń fi bàtà tẹ ilẹ̀ wò bí ẹni tó ń wo bóyá búrẹ́dì ti jinná. Bàálù yẹn ló ń gbé lẹ́tà wa. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá, tí ojú ọjọ́ bá gbà fún un.

Ọdún wo lẹ gbẹ́ kànga yín àkọ́kọ́? Mo fẹ́ wá ọdún náà nínú yìnyín. Ẹ bá mi kí Ìyá Alágbàfọ̀, kó yí ọṣẹ padà lóòótọ́, àwọn kan burú.

Ọmọ yín tí pàṣán ò lé jìnnà.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo rí àwòrán. O ti rù. Má sọ fún mi pé aṣọ ló fà á, aṣọ kì í wọnú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, o jọ ìyá rẹ débi pé mo dojú àwòrán bolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó tún gbé e wò.

Kànga àkọ́kọ́ pé ọdún méjìlélógójì lọ́dún yìí. Bàbá ìyá rẹ ló fà á. Ó ní òun ò lè fi ọmọ òun fún ẹni tí kò ní ju òòlù àti ẹnu lọ. Mo lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀, mo gbẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, mo gbé garawa omi àkọ́kọ́ lọ bá a. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó wá ní, "Ó dùn." Bí mo ṣe gba ìyá rẹ nìyẹn. Tó o bá rí ọdún náà nínú yìnyín, bá mi kí i.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọṣẹ.

Mo lọ fi omi kànga Ìyá Alágbàfọ̀ sẹ́nu. Iyọ̀ ni, ọmọ mi. Kì í ṣe èyí tó ń pariwo, èyí tó ń rọra bọ̀ ni. Mo lọ sílé olùkọ́ nísàlẹ̀ ọ̀nà, nítòsí òkun, tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ni mo gbẹ́ ẹ. Òtẹ́ẹ̀lì ti dá aṣọ dúdú mẹ́fà padà fún Ìyá Alágbàfọ̀, ìlà funfun ló kún ara wọn nígbà tí wọ́n gbẹ. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fẹ́lòmíràn, iṣẹ́ yẹn sì ni gbogbo oúnjẹ ilé rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń sọ pé Kò-Jìn-Jù ti darúgbó, pé ibi tí kò dáa ló ń gbẹ́ fáwọn èèyàn. Wọn ò sọ ọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ di máa ń fi ojú gbọ́ràn.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Bàbá mi kọ́ mi pé tí omi òkè ò bá dáa, èyí tó dáa wà lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ni kànga obìnrin yẹn, màá fi mẹ́wàá kún un, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti lọ ń wa ọkọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ ihò mọ́. Èmi fúnra mi ni màá wọ̀ ọ́ níparí oṣù tó ń bọ̀. Má la ojú sí mi. Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí fún ìyá rẹ lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀ pé mi ò ní wọ kànga mọ́ láyé. Mo ti lọ bá a sọ ọ́ lójú oórì. Kò dá mi lóhùn, mo sì kà á sí pé ó gbà.

Jẹun.

Baba rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà

Baba mi,

Mi ò ní kí yín pẹ́ lónìí, ẹ foríjì mí. Ẹ má wọ kànga yẹn. Kì í ṣe tìtorí orúnkún yín, kì í sì í ṣe pé mo rò pé ẹ ti gbó. Ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni iyọ̀ ti ń bọ̀.

Mo ka lẹ́tà yín fún Ìyá Yìnyín, mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń kà á. A ti ń rẹ́rìn-ín pé aṣọ kì í wọnú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo dé ibi ọṣẹ, ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ibi létí òkun. Òjò tó rì wọlẹ̀ nílé wa kì í lọ jìnnà, Baba. Orí omi òkun tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ ló ń léfòó sí, bí epo ṣe ń léfòó lórí omi. Omi dídùn lókè, omi iyọ̀ nísàlẹ̀. Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń gbẹ́ kànga, omi iyọ̀ yẹn jìn débi pé ẹ ò lè kàn án. Ṣùgbọ́n òkun ń ga sí i. Yìnyín ń yọ́ níbí àti láwọn ibi bíi tibí, ó ń ṣàn wọnú òkun, òkun fúnra rẹ̀ sì ń gbóná, omi tó bá sì gbóná a máa wú. Bó ṣe ń ga, ó ń ti omi iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ bọ̀ lókè. Kànga tó jìn jù ló ń kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n mi so náà sì ń fà á mọ́ra, torí ó ń fa omi dídùn kíákíá ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ.

Ibi kan wà tí mo bẹ̀rù láti kọ, ṣùgbọ́n mo ní láti kọ ọ́. Ẹ dí kànga náà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ fi yanrìn tó mọ́ kún un láti ìsàlẹ̀ títí omi tó kù á fi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún péré. Kẹ́ ẹ yọ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ padà sí garawa. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dúró de òjò. Mo mọ ohun tí mò ń sọ fún agbẹ́kànga. Mo mọ̀ pé ó burú létí.

Ẹ sọ ti ọṣẹ fún mi láti oṣù kẹrin. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ̀ pé òkun ń ga, èmi ni mo tún ní kí wọ́n yí ọṣẹ padà. Ojú ń tì mí, Baba.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún. Lẹ́tà yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òjò rọ̀. Mi ò sọ pé òjò dídì o, òjò olómi, òjò tó ń ta sórí àgọ́ bí òjò ilé. Inú mi kọ́kọ́ dùn, ó ṣe mí bíi pé mo wà nínú yàrá mi nílé. Ìgbà tí mo jáde, Ìyá Yìnyín dúró nínú rẹ̀ láìwọ fìlà, ó ń sunkún. Kò rí òjò níbí rí. Ibi tí bàálù ń bà sí ti di ẹrẹ̀ yìnyín, bàálù ò lè wá.

Ọjọ́ kejìlélógún. Bàálù ò tíì wá. Nǹkan tó ń ti òkun wá bá kànga yín náà ló dá lẹ́tà mi dúró. Rédíò wa, ti ewu nìkan ni wọ́n ń lò ó fún báyìí. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n fún mi lọ́rọ̀ mẹ́wàá, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kà á lórí ìka mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí àyè fún ìkíni níbẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Ìwọ ọmọ yìí,

Iṣẹ́ tó o rán dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi lágbàlá Ìyá Alágbàfọ̀ níbi tí mo ti ń wọn okùn, èèyàn méje jókòó, ó sì pariwo rẹ̀ sí mi létí débi pé ti òde náà gbọ́. "Ẹ má gbẹ́ kànga jìn sí i. Lẹ́tà ń bọ̀." Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi tẹrú jẹ́ ẹ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. O ò kí mi. O ò béèrè orúnkún. Láti ìgbà tí mo ti bí ọ, o ò pàṣẹ fún mi rí, àfi ìgbà tó o gbé pàṣán mi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó o ní kí n má nà ọ́ mọ́. Lẹ́tà tó o ní ó ń bọ̀, mo ti ń wojú ọ̀nà rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo sì mọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀: Baba ti dàgbà, Baba jókòó, Baba má ṣe èyí. Tí mo bá jókòó, ta ló máa tún orúkọ mi ṣe? Òtẹ́ẹ̀lì ti fún obìnrin yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó ń ra omi oníkẹ̀kẹ́ fọ aṣọ báyìí, ohun tó ń rí níbẹ̀ ò tó nǹkan.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá wọlé. Tí lẹ́tà rẹ bá dé ṣáájú, màá kà á. Tí kò bá dé, màá wọlé.

Mo ń bínú sí ọ. Ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì wà nínú páálí tó bá lẹ́tà yìí rìn. Mo ti rà á kí n tó bínú.

Baba rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje

Baba mi,

Òní ni lẹ́tà yín dé. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ kí n tó kà á. Ọjọ́ Ajé yẹn ti kọjá láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò sì mọ̀ bóyá orí ilẹ̀ lẹ wà. Mo bẹ̀bẹ̀ rédíò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n fóònù ẹ̀gbọ́n mi ò wọlé. Mo ń gé yìnyín, mo gé ibi tí kò yẹ, Ìyá Yìnyín gba ayùn lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jókòó.

Ẹ kú orúnkún. Ẹ kú etí. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìnira mi. Gbogbo ìkíni tí kò wọnú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yẹn nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìlà kan péré. Ẹ tiẹ̀ bú mi nínú rẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ọmọ mi, ọkàn mi,

Orí ilẹ̀ ni mo wà. Farabalẹ̀ kà á.

Mo wọlé lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta di okùn mú, ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú wọn, ó ń gbàdúrà sókè. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo wọ kànga kẹ́yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi balẹ̀, mo gbóòórùn ilẹ̀ tútù yẹn, ó sì ṣe mí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí mo kọ yìí, má sọ fún ìyá rẹ. Mo gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, mo gbẹ́ méjì, àwọn tó wà lókè ń fa ẹrẹ̀. Mo dé ìkẹrin, omi fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde lábẹ́ bàtà mi, ó pọ̀, ó mọ́ gaara. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bù ú sọ́wọ́, mo gbé e sẹ́nu.

Òkun ni, ọmọ mi. Òkun gan-an. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà àti mẹ́rin nísàlẹ̀ ilé obìnrin alágbàfọ̀ yẹn, mo bá òkun níbẹ̀, ó jókòó dè mí.

Wọ́n ké láti òkè pé, "Baba, ṣé ẹ ti rí i?" Mo ní mo ti rí i. Wọ́n hó yèè. Mo jókòó sínú omi yẹn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó mi okùn. Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, Ìyá Alágbàfọ̀ fi ìka kan ara mi, ó lá ìka náà. Aṣọ ìnura ló nà sí mi. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Mo wọnú yàrá mi, mi ò jáde fún ọjọ́ mẹ́wàá, àfi tí mo bá fẹ́ yọjú wo bóyá afìwéránṣẹ́ ń bọ̀.

Lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹfà dé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kíní, mo bínú. Ẹ̀ẹ̀kejì, ojú tì mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo gbọ́ ọ yé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa lọ sísàlẹ̀, kò parọ́, ṣùgbọ́n ayé tó kọ́ mi fún ti yí padà, kò sì sí níbí láti tún mi kọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ yọ ẹ̀rọ, ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́rí méjì kó yanrìn wá, a kọ́kọ́ fi omi ṣàn án. Mo dúró lẹ́nu kànga tí mo fọwọ́ mi gbẹ́, mo ń dà á sínú rẹ̀ ní garawa garawa. Gbogbo àdúgbò jáde. Wọ́n ní orí Kò-Jìn-Jù ti dàrú, pé omi iyọ̀ ti wọnú ọpọlọ rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó sórí abọ́ ìfọṣọ tó dojú dé, ó ń sunkún. Mo ń dà á lọ. Mo dúró ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, mo wọn omi tó kù. Márùn-ún. Mo dé e, mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i.

Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, o ò tíì rí irú ẹ̀. Lánàá mo ṣí i. Mo fa garawa kan, mo tọ́ ọ wò. Mo tún tọ́ ọ wò. Mo gbé e fún Ìyá Alágbàfọ̀, mo ní kó mú ọṣẹ wá. Ó hó dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Obìnrin náà fi ìfófò yẹn kùn mí lójú, arúgbó bíi tèmi, níwájú gbogbo èèyàn.

Òtẹ́ẹ̀lì ti gbé ìdajì aṣọ fẹ́lòmíràn. Ìdajì yòókù kù fún un. Olùkọ́ ti wá bẹ̀ mí kí n wá dí tiẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi gbẹ́ wọn, ó jọ pé ogójì mìíràn ni màá fi dí wọn.

Sọ òótọ́ fún mi, má fi bò torí mo jẹ́ baba rẹ: báwo ni omi dídùn yìí ṣe máa pẹ́ tó?

Aṣọ ìnujú tó wà nínú lẹ́tà yìí, omi kànga yẹn ni Ìyá Alágbàfọ̀ fi fọ̀ ọ́. Fi ahọ́n kàn án, kó o sọ ohun tó o bá níbẹ̀.

Baba rẹ tí kò bínú mọ́.


Ogúnjọ́, oṣù kẹjọ

Baba mi, olówó orí ìyá mi,

Mo fi ahọ́n kàn án. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀, ẹyọ kan báyìí. Lẹ́yìn náà mo ka ibi tẹ́ ẹ ti jókòó sínú omi, mo sì fi aṣọ náà nu ojú. Tẹ́ ẹ bá rí i padà tó níyọ̀, ẹ má bá kànga wí.

Mo rí ọdún yín. Ó wà ní nǹkan bí ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Òjò dídì ọdún yẹn pọ̀, ìlà rẹ̀ nípọn, ó funfun láìní àbàwọ́n. Mo bá yín kí i. Ìyá Yìnyín bi mí léèrè ohun tí mò ń bá yìnyín sọ, mo ní ọdún tí bàbá mi rí ìyàwó fẹ́ ni. Òun náà kí i.

Ohun tí mo rí lórí rẹ̀ ni èsì ìbéèrè yín. Nígbà tí yìnyín bá yọ́ tó tún dì, ó máa ń dá ìlà kan tó mọ́ bíi gíláàsì. Lábẹ́ ọdún yín, ẹyọ kan ni mo kà láàárín ogún ọdún. Lókè rẹ̀, wọ́n ń sún mọ́ra. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdọọdún. Nítorí náà, òkun á tún ga, Baba. Mi ò mọ iye ọdún. Ó lè jẹ́ ogún, ó lè jẹ́ mẹ́wàá. Tí ayé bá dín èéfín rẹ̀ kù, á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ò sì sí lọ́wọ́ yín, ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ ìyá tó ń fọṣọ. Ẹ máa wọn ẹnu omi lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbe omi òjò látorí òrùlé náà. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù.

Òjò oṣù kẹfà yẹn ti dì. Ó ti di ìlà gíláàsì kan tó nípọn lókè gbogbo wọn. Ẹni tó bá gbẹ́ ibí ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, á rí i, á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn. Kò ní mọ̀ pé ó dá lẹ́tà kan dúró títí baba arúgbó kan fi lọ jókòó sínú òkun.

A ti parí iṣẹ́. Àwọn yòókù fẹ́ máa lọ, mo ní ó di dandan kí a dé ihò. Mo gé pákó, mo dé e, mo kan án. Mo fi ọ̀dà pupa kọ Kò-Jìn-Jù sórí rẹ̀. Wọ́n ní kí ni mo kọ, mo ní orúkọ ilé-iṣẹ́ wa ni. Mò ń bọ̀ wálé níparí ọdún.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Mo ti ka èsì rẹ. Mẹ́wàá tàbí ogún. Mo dúpẹ́ pé o ò purọ́ fún mi. Mo ti so páìpù tó ń gbe òjò mọ́ òrùlé Ìyá Alágbàfọ̀, mo sì ń wọn omi lóṣooṣù, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ. Títí di òní, ọṣẹ ṣì ń hó.

Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún méje, o wá sẹ́nu kànga, o bi mí pé, "Baba, kí ló wà nísàlẹ̀?" Mo na pàṣán sí ọ. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ìbéèrè tó yẹ kí n dáhùn nìyẹn, pé èmi gan-an ni mi ò mọ èsì rẹ̀.

Mo ti ra okùn tuntun. Tó o bá dé, èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ á dì í mú, ìwọ á wọlé, wàá wò ó fún mi. Ogún ẹsẹ̀ bàtà péré ni báyìí. Má ṣojo. Lọ́tẹ̀ yìí òótọ́ ni, ọmọ mi: kò jìn jù.

Baba rẹ.